Àwòdì Tí A Gé Léèékánná

Bí a bá dé ọsibítù ìjọba, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu àwọn aláìsàn ni pé, "Àwọn dókítà yìí ò láàánú." Èrò á ti tò kílẹ̀ tó mọ́, dókítà kan ṣoṣo á máa wo gbogbo wọn, òun náà á sì máa kanra. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù ná ká tó dájọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Wàhálà àárín dókítà àti ìjọba nílẹ̀ wa ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo iṣẹ́ ìṣègùn àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso níhà ọ̀dọ̀ wa sábẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, West African Medical Staff. Òfin ẹgbẹ́ náà ni pé ọmọ Òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà ọmọ wa ti wà nígbà náà. Dókítà Obadiah Johnson, ẹni tó ṣètò ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Samuel kọ, ti gboyè M.D. ní Edinburgh ní 1889. Edinburgh náà ni Dókítà John Randle ti kàwé jáde. Ilé ìwé kan náà, ìdánwò kan náà! Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ orúkọ adúláwọ̀ sí, owó oṣù wọn sì kéré. Bí ọ̀dọ́mọdé Òyìnbó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lánàá, ọ̀gá ló jẹ́ fún adúláwọ̀ tó ti hewú sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wo Dókítà Oguntola Sapara, tó wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1896. Ṣànpọ̀nná ń pa àwọn èèyàn, Sapara sì fura sí àwọn aláwo kan. Kí ló ṣe? Ó wọ inú awo náà fúnra rẹ̀! Ìtàn sọ pé níbẹ̀ ló ti rí i pé wọ́n ń ha èépá lára aláìsàn láti fi ran ẹlòmíì. Ìròyìn tó mú wá wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba fòfin de awo náà. Òyìnbó wo ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí? Síbẹ̀, Sapara wà lára àwọn tí òfin 1902 sọ pé wọn ò yẹ.

Nígbà tí UCH ṣí ní Ìbàdàn ní 1957, tí òmìnira sì dé ní 1960, a rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n ní a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé àwòdì náà léèékánná ńkọ́?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, àwọn sójà gbàjọba. Lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí àwọn olóṣèlú lẹ́sẹ̀ lórí rédíò ni pé ọsibítù wa ti dìdàkudà: kò sí oògùn, kò sí omi, kò sí irinṣẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀ lórí ìyà kan náà. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fòfin de ẹgbẹ́ wọn, Nigerian Medical Association, wọ́n sì ti Dókítà Beko Ransome-Kuti mọ́lé. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: ohun tí sójà sọ tó di àwáwí láti gbàjọba, nígbà tí dókítà sọ ọ́, ó di ẹ̀ṣẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọrí sí Sáúdí, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní jápa. Ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ṣèlérí láti máa ná ó kéré tán ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná wọn sórí ìlera. Àwa tá a gbà wọ́n lálejò ò tíì mú un ṣẹ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2021, àwọn dókítà tún daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù méjì, owó tí wọn ò san fún wọn sì wà nínú ohun tó fà á.

Buhari padà jẹ ààrẹ láti 2015 sí 2023. Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń gba ìtọ́jú, Lọ́ńdọ̀nù náà ló kú sí ní oṣù Keje 2025. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìlú tí dókítà wa sá lọ ni olórí wa náà ń sáré tọ̀ lọ. Tálákà tí kò ní ìwé ìrìnnà ńkọ́?

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dókítà tó ń jágbe mọ́ aláìsàn ò ṣe dáadáa, a ò ní gbè é. Àmọ́ ká tó bi àwòdì léèrè ìdí tí kò fi gbé adìẹ mọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.