Ilẹ̀ Ọba Jámánì: Bí Ó Ṣe Dìde àti Bí Ogun Ṣe Tú U Ká

Ilẹ̀ Ọba Jámánì ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní gbùngbùn Yúróòpù ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1871, tí ó sì fọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1918. Ọba mẹ́ta péré ló jẹ níbẹ̀, tí gbogbo wọn wá láti ìdílé Hohenzollern: Wilhelm Kìíní, ọmọ rẹ̀ Friedrich Kẹta tí kò lò ju ọjọ́ 99 lọ lórí ìtẹ́, àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ Wilhelm Kejì. Kaiser ni wọ́n ń pe oyè náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ló di ẹ̀bi ìṣubú ìjọba yìí ru Wilhelm Kejì nìkan. Ìwà rẹ̀ dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀ràn náà ti wà nílẹ̀ kí ó tó jọba. Láti ìpìlẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun kò ti ní ẹni tí wọ́n ń jíhìn fún àfi Kaiser.

Kí ó tó di 1871, kò sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Jámánì. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Napoleon ní 1815, ìjọba 39 ló pín ilẹ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, láti orí Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà tó tóbi títí kan àwọn ìlú tó dá dúró bíi Hamburg. Olúkúlùkù ló ní ibodè tirẹ̀. Oníṣòwò tó bá kó ẹrù kọjá á san owó ibodè léraléra, bí àwọn alájàpá ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń san án fún oníbodè ìlú kan tẹ̀lé òmíràn láyé ogun Kírìjì. Ní 1834 ni Prọ́ṣíà kó púpọ̀ nínú àwọn ìjọba náà jọ sínú ẹgbẹ́ ibodè kan tí wọ́n ń pè ní Zollverein, wọ́n sì fi Ọ́stríà sílẹ̀ lóde. Ọjà wọn ti ń di ọ̀kan tipẹ́ kí ìjọba wọn tó di ọ̀kan.

Otto von Bismarck ló fi ogun parí ohun tí òwò bẹ̀rẹ̀. Ní 1862, Wilhelm tó jẹ́ ọba Prọ́ṣíà nígbà náà fi í ṣe olórí ìjọba, nítorí pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ̀ láti fọwọ́ sí owó tí ọba fẹ́ ná sórí ọmọ ogun. Bismarck sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìbò ni yóò yanjú àwọn ọ̀ràn ńlá ìgbà náà bí kò ṣe irin àti ẹ̀jẹ̀. Ó wá ń gba owó orí lọ fún ọdún mẹ́rin láìsí ètò ìnáwó tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí. Nígbà tó ṣẹ́gun Ọ́stríà tán ní 1866, ilé ìgbìmọ̀ náà dìbò pé àwọn fojú fo ohun tó ṣe. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ológun Prọ́ṣíà rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti ṣẹ́gun kò lẹ́jọ́, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ogun mẹ́ta ni Bismarck jà láàárín ọdún méje. Wọ́n gba Schleswig àti Holstein lọ́wọ́ Dẹ́nmáàkì ní 1864. Ti Ọ́stríà kò ju ọ̀sẹ̀ méje lọ, ìlú Königgrätz ni wọ́n sì ti ja ìjà tó le jù, ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1866. Ojú ẹsẹ̀ ni ìyàtọ̀ ohun ìjà wọn hàn. Ìbọn Ọ́stríà, ẹnu ni wọ́n ti ń kì í, ológun sì ní láti dìde kí ó tó lè rọ ẹ̀tù àti ọta sí i dáadáa. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kì ti Prọ́ṣíà, èyí tó jẹ́ kí ológun lè dùbúlẹ̀ kí ó sì yìn ín lọ́pọ̀ ìgbà kí ti ọ̀tá tó dún lẹ́ẹ̀kejì.

Faransé ló kù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1870, wáyà kan dé bá Bismarck láti ìlú Ems, níbi tí ọba ti lọ gbafẹ́. Ó ròyìn bí aṣojú Faransé ṣe wá bá ọba lórí ọ̀rọ̀ ìtẹ́ ọba Spéìn. Bismarck mú kálàmù, ó gé ìwé náà kúrú, ó sì fi í sóde fún àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn. Bó ṣe gé e mú kí ó jọ pé ọba tàbùkù aṣojú náà. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Faransé kéde ogun, ohun tí Bismarck sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí àwọn ìjọba Jámánì ti apá gúúsù kì bá tí tẹ̀ lé Prọ́ṣíà bí ó bá jẹ́ òun ló kọ́kọ́ kọlu ẹni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, wọ́n mú Napoleon Kẹta, ọba Faransé, fúnra rẹ̀ ní Sedan pẹ̀lú ọmọ ogun tó tó 100,000.

Ààfin Versailles, lórí ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti kéde Wilhelm ní Kaiser. Inú rẹ̀ kò dùn sí bí wọ́n ṣe pe oyè náà, ó sì kọjá lára Bismarck lọ́jọ́ náà láìbọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Faransé pàdánù Alsace àti apá kan Lorraine, ó sì san owó ìtanràn bílíọ̀nù márùn-ún owó fránkì. Ìjọba 25 ló wà nínú ilẹ̀ ọba tuntun náà, ọba mẹ́rin sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí ti Prọ́ṣíà jẹ́ olórí wọn. Gbogbo ọkùnrin tó bá ti pé ọdún 25 ló ń dìbò yan àwọn aṣòfin sí Reichstag, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò tíì ṣe nígbà náà. Ṣùgbọ́n Kaiser nìkan ló ń yan ṣáńsẹ́lọ̀, òun nìkan ló lè yọ ọ́, òun sì ni àwọn ọmọ ogun ń búra fún.

Agbára ilé iṣẹ́ wọn kò láfiwé ní Yúróòpù. Èèyàn mílíọ̀nù 41 ní 1871 ti súnmọ́ mílíọ̀nù 65 ní 1910. Ní 1913 wọ́n ń ṣe stíìlì bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 17 lọ́dún, ó ju ìlọ́po méjì ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Krupp ń rọ ìbọn ńlá ní Essen, Siemens ń ṣe iná mànàmáná, Bayer àti BASF ń ṣe aró àti kẹ́míkà. Bismarck fi òfin ìtọ́jú àìsàn lọ́lẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní 1883, ti ìjàǹbá ní 1884, ti owó ọjọ́ ogbó ní 1889. Kì í ṣe àánú nìkan ló fà á. Ó fẹ́ fi gba àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Sọ́ṣíálíìsì tí òun fúnra rẹ̀ ti fi òfin dè ní 1878.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò wu Bismarck tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò ló tì í. Ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser láti Hamburg ti ń ra èkùrọ́ ní Èkó tipẹ́. Ní 1885, Gaiser bá Amapetu ti Mahin, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ṣe àdéhùn lórí etíkun rẹ̀, Jámánì sì fẹ́ fi ibẹ̀ sábẹ́ ààbò rẹ̀. Bismarck kò fẹ́ tìtorí rẹ̀ bá Gẹ̀ẹ́sì fa wàhálà, ló bá yọwọ́ lọ́dún náà. Ìbá má jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí apá kan Ìpínlẹ̀ Òǹdó òde òní ti sin ọ̀gá mìíràn. Ibi tó mú dání ni Tógò, tí Gustav Nachtigal gbà nípasẹ̀ àdéhùn Baguida ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884, pẹ̀lú Kamẹrúùnù, Nàmíbíà àti Tanganyika. Ní Tógò, wọ́n la ojú irin láti Lomé dé ẹ̀bá Atakpamé, ìlú àwọn Ifẹ̀ tí a tún ń pè ní Àná, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá. Wọ́n ń fi Tógò yangàn pé àwòkọ́ṣe ni. Iṣẹ́ àfipáṣe àti pàṣán ló gbé àwòkọ́ṣe náà dúró.

Ti Nàmíbíà burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn Herero dìde ní 1904 nítorí ilẹ̀ àti màlúù wọn tí àwọn òyìnbó ń gbà. Ọ̀gágun Lothar von Trotha ṣẹ́gun wọn ní Waterberg ní oṣù Kẹjọ, ó lé wọn wọ aṣálẹ̀ Omaheke, ó sì pàṣẹ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá pé Herero yòówù tí wọ́n bá rí láàárín ibodè ilẹ̀ náà, kí wọ́n yìnbọn pa á, kí wọ́n sì lé obìnrin àti ọmọdé padà sínú aṣálẹ̀. Òùngbẹ pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n tún kó àwọn tó kù àti àwọn ẹ̀yà Nama sí àgọ́ bíi ti erékùṣù Shark, níbi tí òtútù àti ebi ti parí iṣẹ́ náà. Ọdún 2021 ni ìjọba Jámánì tó gbà pé ìpa-ìran-run ni.

Wilhelm Kejì gorí ìtẹ́ ní 1888, ó sì yọ Bismarck ní 1890. Bismarck ti fi àdéhùn dí Faransé mọ́ ẹ̀yìn, kí ó má baà rí ẹni bá ṣọ̀rẹ́. Àwọn tó rọ́pò rẹ̀ jẹ́ kí àdéhùn Rọ́ṣíà kú, ní 1894 Rọ́ṣíà àti Faransé di ọ̀rẹ́. Wọ́n tún fi ọkọ̀ ogun tí Tirpitz, olórí ọ̀ràn ogun ojú omi, ń kàn láti 1898 dẹ́rù ba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó lé òun náà sọ́dọ̀ Faransé. Owó rẹpẹtẹ lọ sórí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, nígbà tí ogun sì dé, púpọ̀ jù nínú àkókò náà ni wọ́n fi jókòó sí èbúté.

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ ní 1913 tó fi hàn ẹni tó ń ṣe ìjọba. Ọ̀dọ́mọdé ọ̀gá ológun kan, ọmọ 20 ọdún, bú àwọn ará Alsace ní ìlú Zabern. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìgboro, àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í kó aráàlú sí àtìmọ́lé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Reichstag bínú, wọ́n dìbò 293 sí 54 pé àwọn kò fara mọ́ bí ṣáńsẹ́lọ̀ Bethmann Hollweg ṣe dá sí i. Ṣáńsẹ́lọ̀ kò kúrò nípò, ilé ẹjọ́ àwọn ológun sì dá kọ́nẹ́ẹ̀lì wọn láre. Ẹgbẹ́ Sọ́ṣíálíìsì ló ní aṣòfin jù níbẹ̀, 110 nínú 397, ṣùgbọ́n ohùn lásán ni wọ́n ní.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí nígbà tí wọ́n pa àrólé ọba Ọ́stríà ní Sarajevo ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1914, tí Kaiser sì ṣèlérí fún Ọ́stríà pé òun wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Àwọn ọ̀gágun ti ní ètò kan tẹ́lẹ̀: kí wọ́n gba Bẹ́ljíọ̀mù kọjá, kí wọ́n ṣẹ́gun Faransé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n tó yíjú sí Rọ́ṣíà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ìròyìn kan dé láti London tó jọ pé Faransé lè má dá sí i. Kaiser yọ̀, ó ní kí Moltke, olórí àwọn ọ̀gágun, darí gbogbo ọmọ ogun sí ìhà Rọ́ṣíà. Moltke ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ti pín ọ̀nà àti àkókò fún gbogbo ọkọ̀ ojú irin. Bí wọ́n bá yí i padà, èrò tí kò ní oúnjẹ lọ́wọ́ ni yóò dé ọ̀hún, kì í ṣe ọmọ ogun. Kaiser fèsì pé ẹ̀gbọ́n bàbá Moltke, tó ṣẹ́gun ní 1866 àti 1870, kò ní dá òun lóhùn bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti hàn pé ìròyìn London kì í ṣe òótọ́, ètò náà sì ń lọ. Nígbà tí wọ́n wọ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 4, Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun.

Wọ́n dá àwọn Jámánì dúró lẹ́bàá odò Marne ní oṣù Kẹsàn-án. Láti ìgbà náà, inú yàrà ni ìhà méjèèjì wà. Ní Tógò, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ogun fi parí. Ní Kamina lẹ́bàá Atakpamé, àwọn Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ibùdó wáyà aláìlókùn ńlá kan tó ń bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀. Àwọn fúnra wọn ló wó o kí wọ́n tó juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, Yorùbá wà nínú wọn, jà ní Kamẹrúùnù títí di 1916. Wọ́n tún kó wọn lọ sí Tanganyika, níbi tí púpọ̀ nínú wọn ti ṣubú ní Mahiwa ní oṣù Kẹwàá ọdún 1917.

Ọ̀nà òkun tí Gẹ̀ẹ́sì dí ló fọ́ Jámánì nínú. Ọgbọ́n kẹ́míkà Fritz Haber, tó ń fi náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe àmóníà, ni kò jẹ́ kí ẹ̀tù wọn tán, ṣùgbọ́n kẹ́míkà kò di oúnjẹ lójú ẹsẹ̀. Nígbà òtútù 1916 sí 1917, pòtétò jẹrà lóko, turnip tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran ni aráàlú ń jẹ, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ búrẹ́dì, wọ́n ń fi í se ọbẹ̀. Ní àkókò yìí, àwọn ọ̀gágun Hindenburg àti Ludendorff ni wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo ìlú, Kaiser kò ju ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1917, wọ́n dá ọkọ̀ abẹ́ omi sílẹ̀ kí ó máa rì ọkọ̀ gbogbo. Ní oṣù Kẹrin, Amẹ́ríkà wọ ogun.

Rọ́ṣíà juwọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1918, Ludendorff sì kó gbogbo agbára tó kù kọlu Faransé. Ó wọlé jìnnà, àmọ́ kò rí ẹni rọ́pò àwọn tó ń kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ó sọ fún Kaiser pé kí wọ́n tọrọ ìdáwọ́ ogun dúró kíákíá, kí wọ́n sì gbé ìjọba fún àwọn aṣòfin. Òun kọ́ ni yóò jíhìn ìpàdánù náà. Àwọn olóṣèlú ni yóò gbé e. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ni òfin tó mú ṣáńsẹ́lọ̀ wá sábẹ́ Reichstag fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi kọ̀ láti jáde lọ kú lásán, ọ̀tẹ̀ sì tàn láti Kiel dé Berlin. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, wọ́n kéde pé Kaiser ti fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó sì sá lọ sí Nẹ́dálándì lọ́jọ́ kejì.

Matthias Erzberger, aṣòfin, ló ṣáájú ikọ̀ tó lọ fọwọ́ sí ìdáwọ́ ogun dúró nínú ọkọ̀ ojú irin kan nínú igbó Compiègne, ní àárọ̀ ọjọ́ 11. Ọmọ ogun Jámánì bíi mílíọ̀nù méjì ti kú. Àdéhùn Versailles ti 1919 gba gbogbo ilẹ̀ wọn lókè òkun. Wọ́n pín Tógò sí méjì, Atakpamé bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Hindenburg dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, ó ní àwọn ará ilé ló fi ọ̀bẹ gún àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́. Wọ́n yìnbọn pa Erzberger ní 1921. Hindenburg di ààrẹ nípa ìbò ní 1925, òun ló sì fi Adolf Hitler ṣe ṣáńsẹ́lọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1933.