Ọgbà Tó Ń Hewé: Bí Àwọn Bàbá Wa Ṣe Ń Yan Igi

Ẹ ti rí fọ́tò ọgbà pápá iléèwé wa lórí WhatsApp: òpó mẹ́ta péré ló ṣì dúró. Kò tíì pé ọdún méjì tí a rì wọ́n. Ẹ má bú ikán. Arère la rà, torí ó funfun, ó dán, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń já a, mo tún ń ya fọ́tò! Arère dáa fún iṣẹ́ inú ilé. Tó bá wọ ilẹ̀ tútù, ó parí nìyẹn.

Ká ní a bi àwọn àgbà ni, wọn ò ní jẹ́ ká rà á. Ẹ wo ààlà oko bàbá yín, ṣé kì í ṣe pèrègún ló wà níbẹ̀? Ẹ̀ẹ̀rùn kì í tètè pa á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í pààlà. Tó bá di ọgbà, akòko ni, igi kan náà tí a ń fi ewé rẹ̀ joyè. Gé ẹ̀ka rẹ̀, rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, á ta gbòǹgbò, á hewé. Ìyeyè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òpó tó wà láàyè kì í jẹrà bí òpó tó ti kú.

Tó bá di pé wọ́n fẹ́ igi gbígbẹ, ìrókò tàbí apá ni wọ́n ń wá. Wọn kì í sì í ṣàdédé gé ìrókò, nítorí olúwéré tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ara ìrókò ló le. Funfun tó wà lábẹ́ èèpo, ikán ń jẹ ẹ́. Inú tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn gan-an ni igi.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀ ní 1899. Ibẹ̀ ni wọ́n gbin tíìkì sí ní 1902, igi tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà. Òun ló wá di òpó iná ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kẹ́míkà rẹ ẹ́. Nítorí náà, báa bá ti gbọ́ “tíìkì” báyìí, ọkàn wa á balẹ̀. Ẹ rọra o! Tíẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gé lọ́mọdé, funfun ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo orí ibi tí wọ́n ti gé e: ẹ wo bí àwọ̀ búráùn àárín ṣe tóbi tó. Ẹ má gba orúkọ gbọ́.

Ibi tí òpó ti ń kọ́kọ́ jẹrà ni ibi tó ti yọ lórí ilẹ̀, torí omi àti afẹ́fẹ́ jọ ń bá a jà níbẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn tó wó yẹn, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọ́n ti kán.

Ohun tí àwa ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé: ìrókò tàbí tíìkì tó gbó fún igun mẹ́rin àti ẹnu géètì, akòko fún gbogbo àárín, ká wá na wáyà mọ́ ọn. Àwọn kan ní búlọ́ọ̀kì ló dáa jù. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo àpò ẹgbẹ́. Àwọn kan tún ní igi oyè ni akòko. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ní kó má ṣọ́ àwọn ọmọ wa?

Òjò ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ní akòko lẹ́yìnkùlé, ẹ pè wá kẹ́ ẹ tó gé ẹ̀ka rẹ̀ dànù.