Ẹgbẹ́ Akọrin Kàírò àti Ogún Orin Lárúbáwá

Èdè Lárúbáwá kì í ṣe àjèjì sí wa. Àdúrà, àlàáfíà àti wàákàtí tí à ń dá lẹ́nu lójoojúmọ́, láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó mọ ìtàn orin àwọn tó ni èdè náà, àti bí ẹgbẹ́ akọrin kan ṣe gbìyànjú láti gbà á lọ́wọ́ ìgbàgbé. Ìtàn náà kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orin tí wọ́n ń pè ní dawr gbayì púpọ̀ ní Kàírò. Abdu al-Hamuli àti Muhammad Uthman ni àgbà ọ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun èlò díẹ̀ ni ó ń bá olórin rìn: oud, qanun, fèrè nay àti ìlù riqq. Ẹnì kan a lé orin, àwọn díẹ̀ a sì gbè é. Ibì kan wà nínú dawr tí à ń pè ní hank, níbi tí olórin àti elégbè ti ń gba orin lẹ́nu ara wọn. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n olórin ti ń hàn: a tún gbólóhùn kan náà kọ, a yí ohùn rẹ̀ padà, a sì mú un gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Àwọn olùgbọ́ kì í dákẹ́. Wọn a kígbe orúkọ Ọlọ́run bí orin bá wọ̀ wọ́n lára. Ayọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní tarab.

Lẹ́yìn wọn ni Sayed Darwish dé, ọmọ Alexandria tí a bí ní 1892. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni ó ń ṣe nígbà kan, tí ó ń kọrin fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 1923, kò ju ọmọ ọdún 31 lọ. Orin rẹ̀ kan ni ó di orin orílẹ̀-èdè Íjíbítì ní 1979.

Ní 1932, àpérò ńlá lórí orin Lárúbáwá wáyé ní Kàírò. Àwọn olórin wá láti Mòrókò, Àlùjíríà, Tùnísíà, Ìráàkì àti Síríà. Béla Bartók àti Paul Hindemith wá láti Yúróòpù. Wọ́n gba orin púpọ̀ sínú àwo. Wọ́n sì jiyàn lórí pianó, nítorí pé àwọn ohùn kan wà nínú orin Lárúbáwá tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò lè dún. Ìbẹ̀rù wà pé ohun tuntun yóò jẹ ti àtijọ́ run.

Ní 1967 ni ìjọba Íjíbítì dá ẹgbẹ́ akọrin kan sílẹ̀, tí Abdel Halim Nouera ń darí, láti máa bu ọlá fún orin àtijọ́ wọ̀nyí. Ọkùnrin àti obìnrin dúró pọ̀, wọ́n ń kọ orin kan náà ní ohùn kan, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sórí ìwé. Orin Darwish àti ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ padà sójú agbo. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, títí dé ìlú Amẹ́ríkà tí àwọn Lárúbáwá ṣí lọ.

A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi iye tó ná wọn pamọ́. Ọ̀pọ̀ ẹnu kò lè yí ohùn padà lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìdàrúdàpọ̀. Nítorí náà ohun tó wà lórí ìwé ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Orin wà, ṣùgbọ́n ààyè tí olórin ní láti dá tirẹ̀ dín kù. Lójú tiwa, ààyè yẹn wà lára ogún náà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ní Kétu. UNESCO dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ ní 2001, inú wa sì dùn. Àmọ́ ẹni tó ń kọ ẹ̀fẹ̀ lóru a máa bá ìlú wí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ láti inú ìwé, ẹ jẹ́ kí a tún kọ́ wọn bí a ṣe ń dá tuntun sílẹ̀. Kí elégbè wà, kí ẹni tí yóò máa lé orin má sì ṣe wọ́n láàárín wa.