Súngbọ́ Kì í Ṣe Ayaba Ṣéba: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Eredo Ìjẹ̀bú

Ẹni tó bá dé Òkè-Eri, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, wọn á mú un lọ sí ojúbọ kan nínú igbó, wọn á ní ibẹ̀ ni wọ́n sin Bílíkísù Súngbọ́ sí. Obìnrin kì í wọ ibi sàréè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni wọ́n ní ó sùn síbẹ̀. Wọn á tún fi kún un pé Súngbọ́ ni Ayaba Ṣéba tó lọ kí Sólómọ́nì. Èyí ni mo takò.

Ìgbà kò bára mu. Nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn ni a ń ka Sólómọ́nì sí. Eredo, yàrà tí wọ́n ní Súngbọ́ ló gbẹ́, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: àwọn kan ní láàárín ọdún 800 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni, ìwádìí tuntun sì fà á wá sí nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Orúkọ Bílíkísù pàápàá kò sí nínú Kùránì. Àwọn onítumọ̀ rẹ̀ ló sọ Ayaba Ṣéba bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn tí Ìjẹ̀bú bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní ọdún 1892.

Ṣùgbọ́n inú ìtàn náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù wà. Súngbọ́ jẹ́ opó olówó tí kò bímọ. Ó kó àwọn ẹrú rẹ̀ jọ láti gbẹ́ yàrà kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Ní Etiópíà, tó gba Ṣéba mọ́ra ju gbogbo ayé lọ, Mákédà, orúkọ tí wọ́n ń pe ayaba náà níbẹ̀, bí Ménélíkì fún Sólómọ́nì, ọmọ náà ló sì dá ìdílé ọba sílẹ̀. Ọ̀kan di ìyá ọba, èkejì yàgàn. Báwo ni wọ́n ṣe máa jẹ́ ẹnì kan? Ìbẹ̀rù kí èèyàn kú láìfi ọmọ sílẹ̀ kò nílò Sólómọ́nì kó tó yé Yorùbá.

Èmi ò sọ pé obìnrin kan ló gbẹ́ Eredo lóòótọ́. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà náà á rí ògiri ilẹ̀ pupa tó dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, tí ewédò bò, tí igi sì pa orí dé. Ó ga tó mítà 20 níbòmíràn, ó sì yí Ìjẹ̀bú po fún nǹkan bí kìlómítà 160. Awalẹ̀pìtàn Patrick Darling ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ ju ohun tó wà nínú pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ. Ìlú tó létò ló lè ṣe èyí.

Láti ọdún 1995 ni Eredo ti wà lórí àkójọ ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Kí àwọn tó ń gbé ẹjọ́ náà fi Ṣéba sílẹ̀ fún Etiópíà àti Yémẹ́nì, kí wọ́n gbé Súngbọ́ lọ.