Ọjọ́ Tí Ìwé POS Wọ Yàrá Íntáfíù

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó pè é. Ọjọ́rú kan ni, nínú oṣù Kẹfà ọdún 2025, lásìkò òjò. Òun fúnra rẹ̀ ló ro ọjọ́ náà fún mi ní wákàtí dé wákàtí, mo sì ń bi í léèrè títí gbogbo rẹ̀ fi yé mi. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí à ń fún àwọn ọmọ wa lórí íntáfíù, orí aṣọ àti bàtà ló ń parí sí.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. Ilé kan nítòsí Máṣà, ní Surulere. Wọ́n mú iná dé, ó sáré dìde kí wọ́n tó tún mú un lọ, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì aláró tó rà nínú òkìrìkà ní Yaba. Aládùúgbò kan ti yá a ní kóòtù dúdú. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ìyá rẹ̀ wò ó láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì.

"Bọ́ ọ. Èjìká rẹ̀ ti já sí ọ lápá. Gbogbo ìgbà ni wàá máa fà á sókè níwájú wọn."

Ó bọ́ ọ. Ẹ̀yìn ìyá ni mo wà lórí ọ̀rọ̀ aṣọ yìí: kó mọ́, kó bá ara mu, ó ti tó.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn méjì mìíràn wà tó ń jà nínú rẹ̀ bó ṣe ń di irun. Ìyá rẹ̀ ní, "Kúnlẹ̀ kí wọn o. Má ṣe ẹnu jù. Ìwé ẹ̀rí ẹ á sọ̀rọ̀ fún ẹ." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná: "Wò wọ́n lójú dáadáa. Polówó ara ẹ. Tí o ò bá yin ara ẹ, ta ló fẹ́ yìn ẹ́?" Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ yìí dàgbà, ẹlòmíràn ló ń ki èèyàn, èèyàn kì í ki ara rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe wá dójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀ níwájú àgbààgbà tí kò rí rí?

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pè é, Yaba kò sì jìnnà sí Máṣà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Ojúẹlẹ́gbà nígbà òjò kì í dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tán. Ó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú fáìlì, ó kó CV mẹ́ta lé e. Ó wá fi ọ̀rá we ìwé ńlá kan, ẹlẹ́yìn líle, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì. Ìwé ìsọ̀ POS ni, níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ bá àwọn èèyàn gba owó, tó sì ń bá wọn fi owó ránṣẹ́. Ó fẹ́ gba ibi íntáfíù lọ ṣí ìsọ̀ náà tààrà ni, torí náà ló ṣe mú un dání. Nínú CV rẹ̀, kò sí ibì kankan tó ti dárúkọ POS.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ márúwá gbé e dé Stadium. N kò lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má rántí Sátidé, ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2014. Lọ́jọ́ yẹn, iléeṣẹ́ Immigration pe àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè, Stadium Surulere sì wà lára wọn. Àyè iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ jẹ́ 4,556. Àwọn tó ń wá a lé ní ìdajì mílíọ̀nù, ẹgbẹ̀rún kan náírà sì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aṣọ funfun ni wọ́n ní kí gbogbo wọn wọ̀. Nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ọjọ́ náà, ó kéré tán èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kú ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, aboyún sì wà lára wọn. Abba Moro, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, sọ pé àìnísùúrù wọn ló fà á. Ààrẹ Jonathan fagi lé gbogbo ètò náà lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ mínísítà yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní. Ọmọ tó sanwó, tó wọ funfun, tó dé láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, kò rí ẹyọ ẹnì kan tó bi í pé kí lo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó tì fún ìdajì wákàtí nínú yàrá kan lónìí, ohun tí wọ́n fi du àwọn yẹn ló rí gbà.

Aago méje kọjá. Kọ́ńdọ́ ọkọ̀ tó wọ̀ ní Stadium ti pariwo "Ojúẹlẹ́gbà, Yaba, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó sọ̀ ní Yaba, ó rìn lọ sí ọ̀nà Herbert Macaulay, ó dúró lábẹ́ òrùlé kan nítorí òjò. Àdúgbò yìí ti yí padà lójú wa. Lọ́dún 2011 ni CcHub, ibùdó àwọn tó ń dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ṣílẹ̀kùn níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lójú títì Yaba. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Yabatech ti wà ládùúgbò náà láti ọdún 1947, Yunifásítì Èkó sì wà ní Akọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí kò ṣọ̀wọ́n ní Yaba. Ìyá ọmọ náà gbàgbọ́ pé ìwé yóò sọ̀rọ̀ fún un, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn náà gbé ìwé tiwọn wá.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kí ọlọ́dẹ ẹnu géètì, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá." Ó kí ọmọbìnrin tó gba orúkọ rẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́wàá mìíràn. Ọmọkùnrin kan tó ní máásítà jókòó tì í, ó ń ka ìdáhùn sórí nínú fóònù, ètè rẹ̀ ń mì. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Aago mẹ́wàá kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún wọn.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ọmọkùnrin náà bi í pé kí ló ń ṣe lọ́wọ́, ó sì dáhùn pé, "Kò tíì síṣẹ́." Ẹ jẹ́ ká wò ó. NBS, àjọ oníṣirò ìjọba, sọ pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́ ní ìparí ọdún 2020. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n ní ìdá 4.1 ni. Iṣẹ́ kò ṣàdédé rọ̀ bí òjò. Ọ̀nà ìṣirò ni wọ́n yí padà: ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ fún owó tàbí èrè láàárín ọ̀sẹ̀, oníṣẹ́ ni lójú wọn. Èmi kò fara mọ́ ìṣirò yẹn, torí kò fi ìyà tó ń jẹ àwọn ọmọ wa hàn. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí ọmọ tiwa gan-an kò rí: ó lé ní ọdún méjì tó ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí kò sì kà á kún iṣẹ́.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n pè é. Ọkùnrin méjì àti ìyá àgbà kan ló jókòó. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàárọ̀ sà," ó wojú wọn bó ṣe ń kí wọn, ó sì dúró títí wọ́n fi ní kó jókòó. Òyìnbó ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ìbéèrè náà bi í. Yorùbá ni mo fi ń rò ó.

"Sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ fún wa."

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Ibi tí wọ́n bí i sí, ipò kẹta tó wà láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó dé orí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀: òun jẹ́ aláápọn, òun máa ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, òun lè gba wàhálà mọ́ra. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti mú fóònù rẹ̀.

Ìyá náà ní, láìfi ohùn le, "Gbogbo àwọn tó ṣíwájú ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí lò ń ṣe láti ìgbà tí o ti parí NYSC?"

"Mà, mo kàn ń bá ẹ̀gbọ́n mi mójú tó POS ni."

Ọkùnrin tó mú fóònù gbé e kalẹ̀. "O wà níbẹ̀ nígbà tí kò sówó níta?"

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Ẹni tó bá gbé Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2023 mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń bèèrè. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 pé igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan yóò pààrọ̀ àwọ̀. Nígbà tí gbèdéke fi ń sún mọ́lé, owó àtijọ́ ti wọlé sí báńkì, tuntun kò jáde. Títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 2023 pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà, ìdúró ọ̀sán gangan là ń dúró de ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Gbogbo èèyàn sá lọ sórí ìfowóránṣẹ́, ẹ̀rọ kò sì gbé e. Owó a kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́, kò ní dé ọwọ́ ẹni tó yẹ kó gbà á.

Ọmọ náà fà báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó tú ọ̀rá, ó gbé ìwé náà lé tábìlì.

Ó ní àwọn oníbàárà a máa lu tábìlì, ẹlòmíràn a di òun láṣọ mú. Ló bá fa ìlà sínú ìwé: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, báńkì, iye owó, aago tó kúrò, nọ́ńbà rìsíìtì. Ìlà tó kẹ́yìn, bíírò pupa ló fi ń kọ ọ́: ọjọ́ tí owó náà dé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó máa ń pe àwọn tí ìlà wọn ṣì ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kódà tí kò bá sí ìròyìn kankan?" Ìyá náà ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo rí i pé ẹni tí a bá pè tí a sọ fún pé kò tíì dé, kì í pariwo tó ẹni tí a dákẹ́ fún."

Ìyá náà ń ṣí ìwé náà wò. Ojú ewé kan ní àbàwọ́n epo pupa, níbi tí ìyá elépo kan ti fi ìka tọ́ka sí orúkọ ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìlà tó kẹ́yìn lójú ewé yẹn, pupa ló kún un látòkè délẹ̀.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ dé ibí yìí fún mi, ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀gbà tí ẹ̀rù kúrò lára òun. Kò yin ara rẹ̀, kò sì panu mọ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ló ń rò.

Láti dán an wò, ọkùnrin kejì wá fò sókè lórí àga, ó bọ́ sórí Yorùbá: "Ó dáa. Èmi ni ìyá aláta kan ní Mushin, mo pe ọ́fíìsì yín. Ẹ̀yin olè! Owó ọjà mi dà? Láti àná! Ẹ ti jẹ ẹ́, àbí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Owó ọjà ni, mo mọ̀ pé ó ká yín lára. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì fún mi... Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. N ò ní parọ́ fún yín pé lónìí ló máa dé. Ṣùgbọ́n kó tó di aago mẹ́rin, màá pè yín. Ó dé o, kò dé o, màá pè yín."

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ ní ohùn yẹn. Ilé ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ìyá yẹn tọ́ ọ dáadáa. Ibi tó ti ṣì í lọ́nà ni pé ó ní kó panu mọ́.

Wọ́n bi í nípa owó oṣù. Òfin ti sọ owó oṣù tó kéré jù di ẹgbẹ̀rún àádọ́rin náírà láti oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba Èkó sì kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ó ti ṣírò owó ọkọ̀ àti oúnjẹ láti ilé. Ó dárúkọ iye tó fẹ́, ó sì sọ bó ṣe ṣírò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó ní ìbéèrè, ó ní, "Ìráhùn wo ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà yín, báwo ló sì ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó dá wọn lóhùn?" Àwọn ọkùnrin méjèèjì wojú ara wọn.

Aago méjìlá ku díẹ̀ ló jáde. Aago kan, ó ti ṣí ìsọ̀. Nírọ̀lẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ sí wọn. Kó tó sùn, ó ṣí CV rẹ̀, ó kọ iṣẹ́ POS sí òkè pátápátá, tòun ti ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbà á. Ọmọkùnrin tó ní máásítà, tó jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń bi í títí di oṣù Keje bóyá ó gbọ́ nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí jáde nílé ní ìdájí, tí ẹ ń fi wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún wákàtí méjì: bí ẹ kò bá gbà wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kí ẹ sọ fún wọn.