Àwọn Òru Tí A Kò Sùn ní Agége

Ẹgbẹ́ wa kò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 30 oṣù Kẹta, ọdún 2020. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ìròyìn gba ìgboro pé àwọn ọmọ Awawa àti One Million Boys ń bọ̀ wá ká wa mọ́lé. Àhesọ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró wò ó? Ọdẹ àdúgbò méjì kò tó. A dáná sun táyà ní oríta, a di igi àti àdá mú.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún àlejò wa. Ọmọ bèkírì kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ la kọ́kọ́ mú. Ọwọ́ ti fẹ́ bà á kí màmá kan tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tó rí ìyẹ̀fun lára aṣọ rẹ̀. Láti òru yẹn la ti fòfin dè é: ẹni tí a bá mú, tọ́ọ̀nù ọlọ́pàá ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lù ú.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló wá kù. Ibẹ̀ ni wáyà àti ẹ̀rọ omi wa tí wọ́n ń jí ń gbà lọ. Ẹnì kan nínú wa ló nilé. Ìpàdé mẹ́ta la fi bá a jà. Ó ní owó ilé náà lòun fi ń rán ọmọ níléèwé, kò sì purọ́. A dá owó jọ, a yá a ní owó ilé ọdún kan, ó sì fún wọn ní nótíìsì.

Télọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Òun ló rán aṣọ ẹgbẹ́ tí a wọ̀ lónìí.