Abèèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Láti Costain dé Kútọnu

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí àgbà bá pa òwe yìí, ẹni tí ojú ń tì láti la ẹnu ló sábà máa ń bá wí. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ òwe kì í sọ tán: ìbéèrè nìkan kọ́ ló ń mú èèyàn dé ibi tó ń lọ, èsì ni. Abèèrè tí kò gbọ́ èsì yóò ṣìnà bí ẹni tí kò béèrè rárá. Láàárín ara wa, a kì í fura sí èyí, nítorí etí wa ti mọ èdè wa. Ọjọ́ tí a bá fi Faransé béèrè ọ̀nà la tó ń mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó dúró ní Costain ní Èkó kò sì jìnnà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé bó ṣe rò. Bí ó bá rìn dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà nítòsí National Theatre, Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 yóò gbé e gba Orílé dé Mile 2. Ibẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ Bàdágìrì tàbí Sẹ̀mẹ̀. Bí ẹnubodè kò bá dá a dúró, ó lè mu ẹ̀kọ àárọ̀ ní Costain kí ó sì máa wá ọjà Dantokpa kiri ní Kútọnu ní ilẹ̀ Benin kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lójú ọ̀nà yìí kan náà, ní Àjàrá ní Bàdágìrì, ni ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ sí ní ọdún 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń lọ fi èdè náà kọ́ra.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú ìwé ni pé kí èèyàn gba títì kejì, kí ó yà sí òsì. Kì í ṣe báyìí là ń júwe ọ̀nà ní Costain. Ilé iṣẹ́ ìkọ́lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ni orúkọ ọ̀hún, ó wá di orúkọ ibùdókọ̀ àti àdúgbò. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ la fi ń júwe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Kútọnu. Wọn á ní ibẹ̀ wà ní en face de la pharmacie, ìyẹn ni pé ó kọjú sí ilé olóògùn, tàbí kí wọ́n ní kó fi le goudron sílẹ̀, ìyẹn títì ọlọ́dà, kó wọ inú von, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn òpópónà oníyanrìn tó ń yà kúrò lára títì. Ẹni tí kò mọ goudron àti von lè gba máàkì gbogbo nínú ìdánwò, kó má sì rí ilé tó ń wá.

Ibi tó le jù ni tout droit àti à droite. Àkọ́kọ́ ní kí o máa lọ tààrà, ìkejì ní kí o yà sí ọ̀tún. Bí wọ́n bá sọ wọ́n kíákíá, “tu dwa” àti “a dwat” ni etí ń gbọ́, ìró t ìparí ló sì fi ìyàtọ̀ hàn jù. Yorùbá kì í fi irú ìró bẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Bí a bá yá ọ̀rọ̀ tó parí báyẹn, fáwẹ̀lì la máa ń fi kún un. Etí wa kò wá mọ bí a ti ń dúró de ìró ìkẹyìn yẹn, a sì máa ń yà síbi tó yẹ ká ti máa lọ tààrà. Ọwọ́ ẹni tó ń júwe ni kí èèyàn tẹjú mọ́. Kí abèèrè náà na ọwọ́ tirẹ̀, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ: “À droite, comme ça?” Bí ó bá ṣì í gbọ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọn yóò tún un ṣe fún un.

Ìkíni ló ṣáájú gbogbo rẹ̀, bó ti rí lọ́dọ̀ wa. Bonjour, maman fún ìyá tó jókòó ti igbá ọjà, tonton fún ọkùnrin tó ti dàgbà, kí abèèrè sì fi vous bá wọn sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fi ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Kí ojú má tì í pé Faransé òun kò dán mọ́rán: ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará ibẹ̀ náà ti kọ́ ọ, Fọ̀n tàbí Gùn tàbí Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ nílé. Ìyá ọlọ́jà náà lè má gbọ́ Faransé rárá, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìwé tó wọ aṣọ kakí yóò gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì tọ́ka sí Ànàgó kan, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ó ti bá ará ilé pàdé nìyẹn.

Ibi tó bá jìn, kí ó má béèrè gbogbo ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó kọ́kọ́ béèrè Étoile Rouge, oríta ńlá tí kò sí zémidjan, àwọn ọlọ́kadà aláṣọ yẹ́lò, tí kò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n dúnàá-dúrà owó kó tó gùn ún; owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, kí ó kí ẹlòmíràn, kí ó sì béèrè ìyókù.